Ẹ Má Ṣe Yọ́ Fàdákà Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìwà kan wà láàrin wa ní Ìlọrin tí a kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Bí a bá ṣí àpótí ìyá àgbà tí ó ti kú, tí a sì bá owó fàdákà àtijọ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni a ń gbé e lọ kí ó lè yọ́ ọ di òrùka.

Ẹ wo owó Maria Theresa, ọbabìnrin Austria. Ó wúwo tó gíráàmù 28. Ọdún 1780, tí ọbabìnrin náà kú, ni a kọ sí i, a kò sì yí i padà, bí a tilẹ̀ ń rọ ọ́ títí di òní. Lẹ́tà S àti F tí ó wà lábẹ́ àwòrán náà jẹ́ àmì àwọn alákòóso ilé ìrọwó ní Günzburg, ìlú kan tí ó wà ní Jámánì nísinsìnyí. Thaler ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Láti ara orúkọ yìí ni “dọ́là” ti jáde. Ràkúnmí ni ó rù ú la aṣálẹ̀ já dé ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Hamburg, dé Kano ní 1851, ẹyọ kan rẹ̀ tó owó ẹyọ 2,500. Ìlọrin sì ni ọjà tí Haúsá àti Yorùbá ti ń pàdé.

Àwọn kan wí pé ìfẹ́ owó ni kíkó irú rẹ̀ jọ. Rárá o! Olùfẹ́ owó a máa ná an. Ẹni tí ó pa á mọ́ kí ó lè ka ohun tí a kọ sí i, ìwé ni ó ń kà. Àwọn mìíràn wí pé owó òyìnbó ni, kò kàn wá. Ta ni ó fi í tọrẹ? Ọjà ni a fi gbà á: awọ, aṣọ, àti ẹrú pẹ̀lú, ó dùn wá láti wí i. Nítorí náà ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tí ó bá yọ́ ọ ti di ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Àwa pàápàá jẹ̀bi. Ọmọ ilé-ìwé kan mú ọ̀kan wá fún wa rí. A fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o títí ó fi ń dán, lẹ́tà rẹ̀ sì parẹ́. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Lónìí ojú ń tì wá.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òrùka titun pọ̀ lọ́jà. Kí olúkúlùkù ilé-ìwé ní àpótí kan. Ẹ má fọ owó náà, ẹ má lu ú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tí a ti rí i àti ẹni tí ó ni ín. Òrùka kò lè sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín.