Máàkì Ìṣirò Àtijọ́ Kò Gbọdọ̀ Ti Ilẹ̀kùn Ìṣègùn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn tó wá fẹ́ di dókítà lè wọ ètò ìgbaradì, irú èyí tó wà ní Bryn Mawr àti Goucher. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù ni máàkì ìṣirò burúkú tí wọ́n gbà nígbà èwe.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fi ń gba ìwé ìbéèrè, ń ka ìṣirò mọ́ sáyẹ́ǹsì. Bí ènìyàn bá tún un ṣe, méjèèjì ni wọn yóò kà. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi máàkì ẹ̀yìn oyè àkọ́kọ́ hàn lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ìrètí wà.

Nítorí náà, kí olùbéèrè má fi àwáwí ránṣẹ́. Kí ó padà kọ́ ìṣirò náà dáadáa kó tó kọ̀wé. Kí àwọn olùgbaniwọlé náà sì wo bó ṣe dìde. Aláìsàn kì í béèrè máàkì tí dókítà gbà lọ́mọ ọdún 18. Ohun tó kàn án ni pé kó lè ṣírò ìwọ̀n oògùn òun láìṣìṣe lónìí.