Ẹ̀yin onílé, ta ni yóò máa tọ́jú adágún ẹja yẹn?

Àwọn onílé kan wà tí wọ́n mọ adágún ẹja oníṣìmẹ́ńtì sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó kó jáde, tí wọ́n sì fi ilé náà háyà. Wọ́n gbà pé adágún ọ̀hún yóò jẹ́ kí owó ilé gbówó lórí. Èrò tèmi yàtọ̀.

Ẹja àrọ̀ máa ń lò tó oṣù 6 kó tó ṣeé tà, oúnjẹ rẹ̀ ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ọlọ́sìn ń ná. Ayálégbé tí kì í ṣe ọlọ́sìn kò ní ná an. Bí ẹja bá ti tán nínú omi, ẹ̀fọn ni yóò jogún ibẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ẹyin rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Èyí tó burú jù ni pé omi tí kò mu àgbà dé orúnkún lè gbẹ̀mí ọmọdé. Owó ilé wo ló lè ra ọmọ padà?

Bí ayálégbé bá fẹ́ sin ẹja, ẹ fi àwọ̀n onírin bo adágún náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Bí kò bá fẹ́, ẹ gbọ́n omi rẹ̀ dànù, ẹ fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò lè máa fà, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ kún un, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.