Ẹ Má Gbàgbé Alágbàṣe Oko Kòkó

Enúgu kò gbàgbé àwọn awakùsà èédú 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa lọ́dún 1949. Àwa ńkọ́? Bí a bá ń sọ̀tàn kòkó ní Àkànrán, Ẹgbẹ́dá àti Lálúpọn, olóko nìkan là ń dárúkọ. Àwọn Àgàtú, Ìgbìrà àtàwọn ará Kútọnu bá wa ṣánko, wọ́n kọbè, wọ́n fọ́ kòkó, wọ́n sá a. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó títí ọdún á fi yípo. Nínú òógùn wọn la ti kọ́lé onípáánù, tá a rán ọmọ lọ síléèwé. Àwọn mìíràn kò padà sílé mọ́. Abúlé wa ni sàréè wọn wà.

Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ fi orúkọ wọn sọ òpópónà. Ẹ̀yin baálé, ẹ fàyè gba ọmọ wọn nípàdé ìlú.