Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Nígbà Tí Ìyá Bá Ń Kàwé?

Ẹnu kì í sìn lára abiyamọ tí ó bá gbé ìwé dání ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni ó ń lọ, kò sí ẹni tí yóò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan tí ó bí ọmọ mẹ́ta, tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, fẹ́ máa fi ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ kàwé gboyè ní yunifásítì, àwọn kan yóò ní àṣà ti bàjẹ́. Wọn yóò béèrè pé ta ni ó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún. Ìbéèrè náà dára. Ohun tí kò dára nínú rẹ̀ ni pé ìyá nìkan ni a ń bi.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Kétu ti Èkó ni mo ń wí o, èyí tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kì í ṣe Kétu Alákétu tí ó wà ní ilẹ̀ Benin. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó kó tòmátì àti ata láti òkè Ọya ń wọ ọjà Mile 12 lóru, àwọn obìnrin sì ti ń dúró dè wọ́n kí ojúmọ́ tó mọ́, àwọn mìíràn pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT, tí a ṣí láti Mile 12 dé CMS ní 2008, tí a sì fà dé Ìkòròdú ní 2015, mú ìrìn yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ ní Ìgbóbì tàbí Gbàgádà yóò délé pẹ̀lú àárẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ alẹ́ kàn yóò jáde nílé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jẹun alẹ́. Níbo ni wákàtí ìwé kíkà wà? Ó wà láàárín ìgbà tí ọmọ bá sùn àti ìgbà tí àkùkọ bá kọ, bí ọmọ náà bá gbà láti sùn.

Kí wá ni ó gbé e dé ìdí irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ni ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kò ní dìgírì yóò rí i pé àkàsọ̀ ìgbéga dúró níbì kan, tí àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́ sì ń gòkè kọjá òun. Dìgírì nọ́ọ̀sì kì í ṣe nǹkan àná ní ilẹ̀ wa: Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní 1965, Yunifásítì Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1973. Ohun tí ó ṣòro ni kí ẹni tí ó ń gba owó oṣù fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì fún ọdún púpọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ṣe yíjú sí ẹ̀kọ́ tí a lè máa fi iṣẹ́ ṣe, pàápàá jù lọ ní National Open University, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NOUN. Ìjọba Ṣàgàrí dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ sì tún gbé e dìde ní 2002. Nígbà tí Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ìyìn ni gbogbo wa fi ṣe é. Èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ta ni ó ń se ọbẹ̀ nílé.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ abilékọ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt, tí a bí ní Èkó ní 1915, ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe. Ó relé ọkọ ní 1941. Nígbà tí ó di 1946, pẹ̀lú pé ó ti di ìyàwó ilé, ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọkọ rẹ̀ pàápàá ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Òun ni ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mẹ́tíróònù ní UCH Ìbàdàn, ó sì tún di Kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bàbá kò fẹ́, ọkọ gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn.

Nísinsìnyí, kí ni àṣà wí gan-an? Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú agbo ilé, obìnrin tí ó jẹ́ alájàpá lè kúrò nílé fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ tí ó bá ṣì ń mu ọyàn yóò bá a lọ lẹ́yìn. Èyí tí a ti já lẹ́nu ọyàn yóò wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí lọ́dọ̀ ìyáálé tí ó ti dàgbà kọjá ìrìn ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tí ó pe alájàpá ní ìyá burúkú. Èrò mi ni pé àwọn tí wọ́n ń fi àṣà dá abiyamọ lẹ́kun ìwé kíkà ti ṣi àṣà mú. Àṣà kò fi ìgbà kan sọ pé kí ìyá nìkan gbé ọmọ. Ohun tí ó fọ́ ni agbo ilé, kì í ṣe ìyá.

Ní Kétu, yàrá kọjú sí yàrá, àyálégbé kan kì í mọ ìlú tí ìkejì ti wá, ìyá àgbà sì wà ní Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì. Jẹ́lé-ó-sinmi wà lóòótọ́ (ẹni tí ó fún un lórúkọ yẹn mọ ohun tí ojú ilé ń rí!), ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń tì kí aago iṣẹ́ alẹ́ tó lù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú dé nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń sáré lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá láti abúlé, ó ń pọn ọmọ ọlọ́mọ, òbí rẹ̀ ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn kan ń pe èyí ní àṣà. Bí ó bá jọ àṣà kan, ìwọ̀fà ni ó jọ: iṣẹ́ ara ọmọ, èrè fún ẹlòmíràn. Ìwọ̀fà pàápàá, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, kì í ṣe ẹrú, ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2007. Èwo wá ni pé kí ọmọ kan pàdánù ìwé rẹ̀ kí ìyá ọmọ mìíràn lè kàwé?

Ta ni ó kù? Bàbá ọmọ ni. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ti fọwọ́ sí i ní 2014 pé kí òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ gba ìsinmi ọjọ́ 10, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kú nítorí rẹ̀. Ọkùnrin tí ó lè wẹ ọmọ, kí ó fún un ní ẹ̀kọ, kí ó sì tẹ́ ẹ sùn ní alẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, ti san apá kan owó ilé ìwé aya rẹ̀. A sì lè ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó fẹ́ fi ọjà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá jókòó sí yàrá kan ní Kétu. Ìyá àgbà kì í ṣe àpò tí a ń gbé láti ilé dé ilé.

Nítorí náà, kí abiyamọ tó san owó fọ́ọ̀mù, kí tọkọtaya jókòó. Kí wọ́n mú ìwé iṣẹ́ alẹ́ ti oṣù kan àti àkókò ìdánwò, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ọmọ sí iwájú alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ ìyá nìkan bá kún ìwé náà láti òkè délẹ̀, kí ọkọ tún gbé kálàmù.