Ẹ Má Tíì Pè É Ní Oògùn

Ní ọdún 1986, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Japan, Yoshimasa Hirata àti Daisuke Uemura, kéde èròjà kan tí wọ́n rí nínú kàn-ìn-kàn-ìn òkun. Halichondrin B ni wọ́n pè é, ó sì ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kìlógíráàmù 600 kàn-ìn-kàn-ìn ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí mílígíráàmù 12.5 péré yọ. Ìyẹn kò wúwo tó ẹyọ ìrẹsì kan.

Ẹranko ni kàn-ìn-kàn-ìn òkun. Ojú kan ló ń lẹ̀ mọ́, kò lè sá, kò léyín tó lè fi bu ọ̀tá jẹ. Kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbèjà ara wọn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú wọn ló sì ń ṣe òmíràn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá oògùn kì í fi í fojú fò wọ́n.

Bó bá jẹ́ lónìí ni, kíá ni ìròyìn yẹn ì bá ti gba orí WhatsApp kan pé wọ́n ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Irọ́ ni ì bá sì jẹ́. Ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò pọ̀ lọ jàra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè pa aláìsàn pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ńlá ló wà láàárín ìgò àti oògùn. Ní 1992, Yoshito Kishi àti ikọ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard fi ọwọ́ ara wọn to èròjà náà pọ̀ láìlo kàn-ìn-kàn-ìn kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé apá kan rẹ̀ nìkan tó iṣẹ́ náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ Eisai mú apá yẹn, ó tún un ṣe, ó di eribulin, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè pín sí méjì.

Wọ́n dán an wò lára obìnrin 762 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti ràn dé ibòmíràn. Ìdajì àwọn tó gba eribulin ló wà láàyè kọjá oṣù 13.1, oṣù 10.6 ni ti àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, ṣùgbọ́n oṣù méjì àbọ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún ìyá ọlọ́mọ. Ọdún 24 ni wọ́n fi wá a. Àárín ọ̀nà yìí ló yẹ kí owó ìjọba àti ti àwọn olówó máa dé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èròjà ń kú sí.

Ojúṣe tiwa oníròyìn náà wà níbẹ̀. Ṣé inú ìgò ni wọ́n ti dán èròjà náà wò, lára eku ni, àbí lára ènìyàn? Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ má baà pa ìtọ́jú dókítà tì nítorí ìròyìn wa.