Ọjọ́ Mélòó Ni Ọmọ Yín Ti Lò Ní Àgọ́ Ọlọ́pàá?

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọjà Ọba àti Ìpàtà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, télọ̀ àti káfíńtà Ìlọrin, ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà ni.

Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹni, ẹni tó mọ ọ̀gá la kọ́kọ́ máa ń wá. A ó dáwó jọ, a ó máa bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú wa." Ẹ̀bẹ̀ kò burú, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé èèyàn dé ibẹ̀. Kóòtù sì wà n'Ílọrin níbí. Ẹni tí wọ́n mú ní Ìpàtà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò yẹ kí ọjọ́ Jímọ̀ bá a lẹ́yìn káńtà láìtíì fojú kan adájọ́.

Dídé kóòtù nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Bí adájọ́ bá fi í ránṣẹ́ sí Òkè-Kúrá tàbí Mándàlá ńkọ́? Ẹni tó wà níbẹ̀ kì í dá lọ sí kóòtù. Adájọ́ ló ń kọ̀wé pé kí wọ́n mú un wá, wọ́dà ló ń gbé e. Bí ìwé kò bá dé, tàbí mọ́tò bàjẹ́, ẹjọ́ á tún sún síwájú. Òfin kan náà sọ pé bí oṣù méjì bá kọjá tí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kódà kó jẹ́ pẹ̀lú béèlì. Àwọn ẹ̀sùn tó la ikú lọ, bí ìpànìyàn, kò sí nínú èyí.

Ẹ má sọ pé, "Ta ni mo jẹ́ tí màá bá ìjọba ṣẹjọ́?" Lọ́dún 1925, ìjọba òyìnbó yọ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, lóyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní kí kóòtù pàṣẹ kí wọ́n mú ọba wá, kí ìjọba sì wí òfin tó fi dè é. Wọ́n bá ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní aláṣẹ tó bá fọwọ́ kan òmìnira èèyàn gbọ́dọ̀ fi han kóòtù pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ọdún náà l'ọba padà s'Ékòó.

Lónìí, abala 46 fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Kóòtù Gíga. Òfin ọdún 1977 sì fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti tú ẹni tó ti pẹ́ látìmọ́lé ju iye ọdún tí wọn ìbá dá fún un lọ sílẹ̀.

Kí lẹ ó ṣe? Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀sùn, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ kóòtù àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, ẹ dé kóòtù ṣáájú mọ́tò wọ́dà. Bí wọn ò bá mú un wá, ẹ bi akọ̀wé kóòtù bóyá ìwé ti lọ. Bí kò sí owó lọ́yà, ẹ wá Legal Aid Council lọ. Nítorí mẹ̀kúnnù ni ìjọba ṣe dá a sílẹ̀. Béèlì ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni o.

Alájọ kankan kò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo rẹ́ yín jẹ. Ojú tí ẹ fi ń ka ọjọ́ àjọ, òun náà ni kí ẹ fi ka ọjọ́ ọmọ yín.