Nana ti Ebrohimi àti Àwa Ará Etí Omi

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé kan ní etí omi Ìlàjẹ, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin léèrè ẹni tí ó fi ọkọ̀ àti àgbá kọjú ìjà sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú omi bíi tiwa. Ọmọ kan dárúkọ Jaja ti Opobo. Òmíràn ní àwọn Ìjẹ̀bú ni, ní ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Nana Olomu, bẹ́ẹ̀ ni odò Benin tí ó ṣe olórí rẹ̀ kò jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn, èdè àwọn Ìṣẹkírì ènìyàn rẹ̀ sì bá tiwa tan. Kí n má purọ́, èmi tí mo bèèrè náà, kò tíì pẹ́ tí mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Nana kì í ṣe ọba. Láti 1848 títí di 1936 kò sí Olú lórí ìtẹ́ ní Warri; àwọn olówó inú òwò epo ni ó ń darí ìlú. Olomu baba rẹ̀ ni ó tẹ Ebrohimi dó sínú àbàtà, nígbà tí ó sì kú ní 1883 Nana gba ipò rẹ̀. Ní 1884 ó bá Kọ́ńsù Hewett ṣe ìwé àdéhùn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ń pè é ní Gómìnà odò Benin. Ṣùgbọ́n kò gba ìlà tí ó ní kí oníṣòwò gbogbo máa rà kí wọ́n sì máa tà níbi tí ó bá wù wọ́n. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ilẹ̀ Màhín bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì nípa ìwé àdéhùn, tí ó sì ti ọwọ́ wọn kọjá sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ọdún náà tó parí. Ìwé àdéhùn kò ṣọ̀wọ́n ní ẹkùn wa nígbà náà. Ẹni tí ó lè ní kí a yọ ìlà kan kúrò nínú rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Epo ilẹ̀ Urhobo ni orísun ọrọ̀ rẹ̀, nígbà tí owó epo sì wálẹ̀ ní 1886, ó dá òwò dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè bá ìjọba rẹ́ pẹ́ títí, nígbà tí ìjọba ń fẹ́ kí òyìnbó oníṣòwò dé ọ̀dọ̀ olóko fúnra rẹ̀. Ní 1894 Ralph Moor ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé. Nana kò lọ. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìgbéraga, èmi kò bá a gbà. Ní 1887 ni wọ́n pe Jaja sínú ọkọ̀ ogun pẹ̀lú ìlérí pé ewu kò sí, tí wọ́n sì gbé e lọ. 1891 ni ó kú, kò fi ojú kan Opobo mọ́. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ kékeré kan láti inú ọkọ̀ ogun Alecto wọ ẹ̀ka odò tóóró tí ó lọ sí Ebrohimi. Àgbá tí Nana fi pamọ́ sẹ́yìn ọgbà igi dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Láti ojú odò ńlá, a kò lè rí ìlú náà. Omi tí ó wọ ibẹ̀ kò gba ọkọ̀ ńlá. Irà ni gbogbo àyíká rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti tẹ irà wa rí nígbà tí omi bá fà yóò mọ ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ ogun tí ó wọ bàtà.) Admiral Bedford ní láti kó ọkọ̀ ogun jọ, Phoebe, Philomel àti Widgeon pẹ̀lú Alecto, kí Ebrohimi tó ṣubú ní 25 September 1894. Àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100. Wọn kò bá Nana. Ó ti gba ipa omi lọ sí Èkó, níbi tí ó ti fi ara rẹ̀ lé Gómìnà Carter lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní Calabar, wọ́n gba ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó pẹ́ ní Accra. 1906 ni wọ́n tó jẹ́ kí ó padà. Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Koko, ó sì kú ní 1916.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí nínú yàrá wa, ọ̀rẹ́ mi kan dá mi lóhùn pé ẹlẹ́rú ni. Òtítọ́ ni. Ẹrú pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń di ará Urhobo mú nítorí gbèsè. Kì í ṣe òmìnira wọn ni ó ń jà fún. Dogho Numa, ará Ìṣẹkírì bíi tirẹ̀, dúró lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ènìyàn ńlá lọ́wọ́ wọn. Èmi kò ní kí a sọ Nana di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n a ń kọ́ ọmọ nípa Ògèdèǹgbé àti Látóòsà. Ta ni nínú àwọn méjèèjì tí kò kó ẹrú? Ẹ jẹ́ kí a sọ ti àgbá, kí a sọ ti ẹrú, kí ọmọ gbọ́ méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Ìwé tí Obaro Ikime kọ lórí rẹ̀ ti wà láti 1968. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n wá ẹ̀dà kan fún yàrá ìkàwé. Ní sáà tí ń bọ̀ èmi yóò padà sí kíláàsì kẹrin náà, n ó sì ya odò Benin sí ara pátákó, kí wọ́n rí bí ó ti súnmọ́ wọn tó. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ná ọjà Koko, ti sọ pé òun yóò ní kí ó wo ilé náà fún wa.